Wọ́n Ti Wá Fúnra Wọn: Bí A Ṣe Kọ́ Àwọn Dókítà àti Òṣìṣẹ́ Ìlera Láti Gbógun Ti Ikọ́ Ife

Ọ̀pọ̀ nínú yín, yálà ní Zaria ni ẹ wà tàbí ní Kano, ní Jos tàbí ní Port Harcourt, ni ẹ ti gbọ́ ìkéde yìí lórí rédíò rí: bí ikọ́ bá ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, ọ̀fẹ́ ni. Ó rọrùn láti gbọ́. Ó tilẹ̀ dàbí ẹni pé ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ní ìtàn gígùn lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ dókítà tí ó ti gba oyè ló sì ní láti padà jókòó bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó lè di ohun tí à ń kéde.

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Tanzania kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ bá mi rìn ín díẹ̀díẹ̀.

Ikọ́ ife ni à ń pe àìsàn yìí ní ilé. Àwọn mìíràn a máa pè é ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tí àwọn àgbà bá ti fura sí pé ó ní in, wọ́n á ya àwo àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíràn á ní èpè ni, ẹlòmíràn á ní ìdílé wọn ló ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch ti dìde níwájú àwọn onímọ̀ ní Berlin, tí ó sì fi hàn wọ́n pé kòkòrò kan ni ó ń fà á. Ẹni tí ó ní in bá wúkọ́, kòkòrò náà á bá afẹ́fẹ́ lọ, ẹni tí ó wà nítòsí á sì fà á símú. Àwo àti ife kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mímọ̀ ohun tí ń fa àìsàn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú wíwò ó. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn Koch kí oògùn gidi kan tó dé, èyí tí wọ́n ń pè ní streptomycin, tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1943. Ní gbogbo àkókò tí kò sí oògùn yẹn, ìsinmi, afẹ́fẹ́ tútù àti oúnjẹ tó dára ni wọ́n ń fún aláìsàn, ní àwọn ilé ìtọ́jú tí wọ́n kọ́ sí orí òkè tàbí sí ibi tí kò sí ariwo, tí wọ́n ń pè ní sanatóríọ̀mù. Ní gúúsù Íńdíà, àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì mélòó kan pawọ́ pọ̀ kọ́ irú rẹ̀ kan sí Arogyavaram, lẹ́bàá ìlú Madanapalle, kí ogun àgbáyé kìíní tó parí. Dókítà míṣọ́nnárì kan láti ilẹ̀ Denmark, Christian Frimodt-Møller, ni alábòójútó rẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, P. V. Benjamin, gba ipò náà. Nígbà tí Íńdíà sì gba òmìnira, òun ni ìjọba pè kí ó wá máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ọ̀ràn ikọ́ ife.

Ẹ wo irú ẹrù tí wọ́n gbé ka Benjamin lórí. Láàrin ọdún 1955 sí 1958, ìjọba ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Gbogbo ayé ti rò pé àìsàn ìlú ńlá ni ikọ́ ife, ti àwọn tí ó há mọ́ra ní ilé iṣẹ́ àti ní àwọn ilé tí oòrùn kì í dé. Ìwádìí náà fi hàn pé bí ó ti wà ní ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà ní abúlé. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé abúlé ni púpọ̀ nínú àwọn ará Íńdíà ń gbé, a jẹ́ pé abúlé ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn wà, níbi tí kò sí sanatóríọ̀mù, tí kò sí dókítà tí ó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró, tí ẹ̀rọ ẹ́síréè kò sì lè dé nítorí kò sí iná. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ibùsùn fún gbogbo wọn, owó orílẹ̀-èdè náà kò ní tó.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wá láti ìlú Madras, tí à ń pè ní Chennai lónìí. Ní ọdún 1956, ìjọba Íńdíà, àjọ ìlera àgbáyé àti àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti dán ìtọ́jú wò. Dókítà Wallace Fox láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan wọ sanatóríọ̀mù, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, wọ́n ń jẹ oúnjẹ tó dára. Apá kejì padà sí ilé wọn ní àárín àwọn tálákà ìlú, níbi tí oúnjẹ kò tó, tí ọmọ ń ké, tí ènìyàn púpọ̀ ń sun yàrá kan. Oògùn kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì fún ọdún kan. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1959, ẹnu ya àwọn dókítà: àwọn tí ó wà ní ilé sàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn àti àwọn ti sanatóríọ̀mù kò tó nǹkan. Bí wọ́n sì ti tẹ̀ lé àwọn ẹbí wọn fún ọdún mélòó kan, wọ́n rí i pé àwọn tí ó ń bá aláìsàn gbé nílé kò kó o ju àwọn tí ẹni wọn lọ sí sanatóríọ̀mù. Ohun tí ìgbé ayé ìtura àti ẹran kò lè ṣe ní ọgọ́ta ọdún, oògùn ti ṣe é lórí ẹní.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìṣòro ti yọjú. Oògùn kejì nínú méjì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, PAS, kò dùn rárá, ó ń da inú rú, ó sì pọ̀ láti gbé mì lójúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń lọ sí ilé àwọn aláìsàn láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n á ka oògùn tí ó kù, wọ́n á sì yẹ ìtọ̀ wọn wò bóyá oògùn wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń sọ pé òun ń lo oògùn ni kò lò ó. Kì í ṣe ẹni burúkú ni wọ́n. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ ti dá lẹ́yìn oṣù méjì, tí ara rẹ̀ sì ti le tó láti padà sí ẹnu iṣẹ́, kí ni yóò máa wá lọ sídìí oògùn tí ó ń rìn ín lọ́kàn fún oṣù mẹ́wàá mìíràn? Èmi náà ti já oògùn àrùn ibà sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì rí. Nítorí náà àwọn ará Madras tún dán ohun mìíràn wò: kí aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó gba oògùn rẹ̀ lójú òṣìṣẹ́. Ó yọrí sí rere. Láti ibẹ̀ ni àṣà kí ẹnìkan máa wo aláìsàn bí ó ti ń gbé oògùn mì ti gbilẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Bí a bá lè tọ́jú aláìsàn nílé, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ ní abúlé? Dókítà ẹ̀dọ̀fóró kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni dókítà kan ṣoṣo fún gbogbo àìsàn, nọ́ọ̀sì, àti ẹni tí ń po oògùn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ní láti kọ́. Ìdí tí wọ́n fi dá Ilé Ẹ̀kọ́ Ikọ́ Ife ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní Bangalore ní ọdún 1959 nìyẹn; Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba, fúnra rẹ̀ ló wá ṣí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1960.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé ilé ẹ̀kọ́ náà dìde ni dókítà kan láti Denmark tí àjọ ìlera àgbáyé rán wá, Halfdan Mahler. Ó dá mi lójú pé ẹ̀yin ará yóò fẹ́ mọ̀ pé ọmọ oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ó dé Íńdíà ní ọdún 1951, ó sì lo bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Láti 1973 títí dé 1988, òun ni olórí àjọ ìlera àgbáyé. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kì í ṣe dókítà nìkan. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wà níbẹ̀, àwọn tí ń wádìí ìgbésí ayé àwọn ará abúlé sì wà níbẹ̀.

Méjì nínú wọn, D. Banerji àti Stig Andersen, ló ṣe iṣẹ́ tí mo ka sí ọkàn gbogbo ìtàn yìí. Ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbàgbọ́ ni pé ará abúlé kò mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn, àti pé bí ó bá tilẹ̀ mọ̀, kò ní wá. A ní láti fi ọkọ̀ ẹ́síréè wá a lọ sí ilé rẹ̀ ni. Banerji àti Andersen lọ sí agbègbè Tumkur, wọ́n sì lọ bá àwọn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní ikọ́ ife. Wọ́n jókòó tì wọ́n nílé wọn, wọ́n béèrè bí ara wọn ti rí àti ohun tí wọ́n ti ṣe sí i. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn lọ tí ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ọ̀pọ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ìdajì wọn sì ti lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ná, lórí ẹsẹ̀ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni tó wá wọn lọ.

Kí ni wọ́n fún wọn níbẹ̀? Ìgò oògùn ikọ́ kan, ó tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè fò ó kọjá. Ènìyàn tí kòkòrò ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pa owó iṣẹ́ ọjọ́ kan tì, ó rin ìrìn-àjò nínú oòrùn, ó tò sórí ìlà, ó dé iwájú ẹni tí ó yẹ kí ó ràn án lọ́wọ́, ó sì wúkọ́ lójú rẹ̀. Ẹni náà fún un ní omi dídùn nínú ìgò, ó ní kí ó máa lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé padà sí ìpàdé láti jíròrò ìdí tí àwọn ará abúlé fi ń fi àìmọ̀kan ṣèṣe. Bí mo ti kà á, ojú tì mí, nítorí èmi náà ti ra ìgò oògùn ikọ́ bẹ́ẹ̀ fún ará ilé mi lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, láìbéèrè pé ọjọ́ wo ni ikọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ni Bangalore ti yí padà. Wọn kò ní máa lépa aláìsàn kiri mọ́. Wọn yóò kọ́ ẹni tí ó jókòó sí ilé ìwòsàn bí yóò ti dá aláìsàn tí ó ti wá mọ̀: kí ó béèrè bí ikọ́ náà ti pẹ́ tó, kí ó sì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe ẹ́síréè ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Èyí dun àwọn dókítà kan, nítorí àwòrán àyà ni iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé lójú wọn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n àpá inú àwòrán lè jẹ́ ti àìsàn mìíràn. Kòkòrò tí a bá rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í parọ́, ẹni tí ó bá sì ní in níbẹ̀ gan-an ni ó ń tàn án ká.

Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é. Aláìsàn á mí kanlẹ̀, á wúkọ́ láti inú àyà, nítorí itọ́ ẹnu lásán kò wúlò. Ìta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ló ti máa ń wú u. Òṣìṣẹ́ á mú ibi tí ó ki jù nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, á jẹ́ kí ó gbẹ, á fi iná rà á lábẹ́ kí ó lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn èyí, á da aró pupa sí i, á tún fi iná mú un gbóná títí oòru á fi máa jáde. Á fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Gbogbo nǹkan yòókù ni aró pupa yóò ṣí kúrò lára rẹ̀, àfi kòkòrò yìí, nítorí ara rẹ̀ ní ọ̀rá líle tí kì í jẹ́ kí aró náà jáde. Nígbà tí ó bá wá fi aró búlúù kùn ún, tí ó sì gbé e sábẹ́ awò tí ó ń mú ohun kékeré tóbi, á rí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín pupa lórí ilẹ̀ búlúù. Ó ní láti wo ibi ọgọ́rùn-ún lórí gíláàsì kan kí ó tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Ẹni tí ó bá kánjú, ibi mẹ́wàá ni yóò wò, yóò sì rán oníkọ́ ife padà sí àárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó tún wù mí nínú ètò Bangalore ni pé wọn kì í kọ́ dókítà nìkan kí ó wá máa pàṣẹ fún àwọn yòókù. Gbogbo àwọn tí yóò jọ ṣiṣẹ́ ní àgbègbè kan ni wọ́n jọ ń kọ́: dókítà, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ẹni tí ń lo ẹ́síréè, ẹni tí yóò máa bójú tó ìtọ́jú, ẹni tí ń ṣírò iye, àti olórí àwọn tí ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG. Wọ́n jọ padà sí àgbègbè wọn ni. Ní ọdún 1962 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ káàkiri Íńdíà.

Kò lọ bí wọ́n ti rò, kò sì yẹ kí n fi pamọ́. Owó kò tó, oògùn a máa tán, àwọn tí wọ́n kọ́ ni a sì ń gbé lọ sí ẹnu iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí wọ́n tún ètò náà gbé yẹ̀ wò ní ọdún 1992, kò tó ìdajì àwọn aláìsàn tí ó ń lo oògùn wọn parí. Wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń rí aláìsàn. Bí wọn kò ṣe ní sọ ọ́ nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i ni ó ṣẹ́kù.

Ìyẹn ni apá tí Tanzania fi kún un. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ibẹ̀ pe ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń gbógun ti ikọ́ ife sí ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì rán Karel Styblo, dókítà ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia tí ó ti ní ikọ́ ife fúnra rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ó yan ènìyàn kan fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ lọ, wọ́n sì kọ́ onítọ̀hún láti máa mú ìwé ńlá kan lọ́wọ́. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé náà. Ní ìparí ìtọ́jú, a gbọ́dọ̀ kọ ohun kan síwájú orúkọ rẹ̀: ó sàn, oògùn kò ràn án, ó kú, ó sá, ó kó lọ sí ibòmíràn. Kò sí àyè fún "a kò mọ̀." Gbogbo oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sókè. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù mẹ́jọ ìtọ́jú, lójú òṣìṣẹ́ ni aláìsàn ń gbé oògùn mì. Bí orílẹ̀-èdè náà ti tálákà tó, bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí ó ń lo oògùn oṣù mẹ́jọ yìí ló ń sàn. Ní ọdún 1993, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ikọ́ ife ti di pàjáwìrì fún gbogbo ayé, ètò Styblo sì ni wọ́n mú fún gbogbo orílẹ̀-èdè lábẹ́ orúkọ DOTS. Íńdíà náà gbà á padà. Ohun tí Madras àti Bangalore bí ni ó gba Tanzania kọjá tí ó sì padà sílé.

Nàìjíríà dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1989, ó sì tẹ̀ lé ìlànà kan náà: ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ pa pọ̀, alábòójútó kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ikọ́ ife gẹ́gẹ́ bí pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè wa. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà lókè ọya: Saye ni ó wà, lẹ́bàá Zaria. Nọ́ọ̀sì tí ó ti Òṣogbo wá àti dókítà tí ó ti Calabar wá a máa jókòó pọ̀ níbẹ̀, sídìí awò kan náà, láti ka ọ̀pá pupa lórí ilẹ̀ búlúù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ ti mọ̀ pé tarin fuka ni àwọn Hausa ń pe àìsàn náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn ní àgbègbè yẹn ní láti mọ orúkọ náà kí ó tó mọ ohunkóhun mìíràn.

Lónìí, oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú ikọ́ ife lásán, ẹ̀rọ tuntun kan sì wà tí ó lè rí kòkòrò náà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láàrin wákàtí bíi méjì, tí ó sì tún ń sọ bóyá ọ̀kan nínú àwọn oògùn pàtàkì kò ní ràn án. Síbẹ̀ ìwé ńlá náà ṣì wà, ní ìwé gidi ní ibòmíràn, lórí kọ̀ǹpútà ní ibòmíràn. Bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, alábòójútó á ṣí i, á fi ìka tọ orúkọ wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá ti rí àyè òfìfo, á kọ àdírẹ́ẹ̀sì ẹni náà sórí bébà kékeré kan, á gun ọ̀kadà, á sì lọ béèrè rẹ̀ nílé.